Ẹ Kó Lucinda Jáde Nínú Yàrá Tí Eruku Kò Gbọdọ̀ Wọ̀

Lucinda Bracamonte kú ní oṣù Keje, ní ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ níbí ní Tucson, níbi tó ti ń bomi rin igi ata chiltepín rẹ̀. Ọkàn rẹ̀ ló daṣẹ́ sílẹ̀. Èmi ni mo kọ́kọ́ rí i, nítorí ọgbà wáyà lásán ló pààlà ilé wa, mo sì rí i tí omi ń ṣàn gba abẹ́ ọgbà wọ ọ̀dọ̀ mi. Nínú aṣálẹ̀ tí à ń gbé yìí, Lucinda kò lè jẹ́ kí omi ṣòfò láéláé bí ẹ̀mí bá ṣì wà lẹ́nu rẹ̀. Mo ti mọ̀ pé ó ti kú kí n tó fo ọgbà náà.

Ó kú pátápátá. Dókítà sọ bẹ́ẹ̀, àlùfáà sọ bẹ́ẹ̀, àbúrò rẹ̀ obìnrin, Ofelia, tó wá láti Nogales, sunkún títí ohùn rẹ̀ fi há. Ibi kan ṣoṣo tí Lucinda kò tíì kú ni ibi iṣẹ́ rẹ̀. Ní Ilé Ìwádìí Ocotillo, ó ṣì ń ṣiṣẹ́ nínú oṣù Kẹjọ. Nígbà tó di oṣù Kẹsàn-án, ọ̀gá rẹ̀ kọ̀wé sí i pé inú òun dùn sí ìyípadà tó bá ìwà rẹ̀, pé kì í bá àwọn jiyàn mọ́ ní ìpàdé.

Ṣé ẹ̀ ń rẹ́rìn-ín? Èmi náà rẹ́rìn-ín. Àwọn àgbà ní bí ọ̀rọ̀ bá ju ẹkún lọ, ẹ̀rín là ń fi í rín. Ṣùgbọ́n ẹ má tíì rẹ́rìn-ín tán, nítorí ohun tí wọ́n fi òkú rẹ̀ ṣe lẹ́yìn náà ni mo tìtorí ẹ̀ gbé kálàmù lónìí.

Eruku ni iṣẹ́ Lucinda. Kì í ṣe eruku orí tábìlì o. Eruku tó wà láàárín àwọn ìràwọ̀, tó tẹ́ lọ bí èéfín láti ìkángun ọ̀run kan dé èkejì. Nígbà tí mo kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pé báwo lèèyàn ṣe ń rí eruku nínú òkùnkùn, kò ṣí ìwé, kò ṣí kọ̀ǹpútà. Ó fà mí lọ́wọ́ lọ sí ìdí ògiri alámọ̀ ilé rẹ̀. Oòrùn ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ̀ ni.

“Gbé àtẹ́lẹwọ́ ẹ síbẹ̀, àmọ́ má fọwọ́ kan ògiri. Kí lara ẹ gbọ́?”

“Ooru.”

“Oòrùn ti lọ, ògiri ṣì ń dá ohun tó gbà lọ́wọ́ ẹ̀ padà. Ìmọ́lẹ̀ lèyí tó ń kàn ẹ́ lọ́wọ́ yẹn, ojú ẹ ni ò lágbára láti rí i. Bẹ́ẹ̀ náà leruku òkè yẹn ṣe ń ṣe. Ìràwọ̀ á mú un gbóná, á máa dá ooru ẹ̀ padà díẹ̀díẹ̀.”

“Ta ló wá ń rí ìmọ́lẹ̀ tí ojú ò lè rí?”

“Sátẹ́láìtì. Àtèmi náà, bí àwọn tó ń bu yìnyín bá jẹ́ kí n ráyè.”

Ọ̀rọ̀ yìnyín yẹn kì í ṣe àwàdà. Ọdún mélòó kan sẹ́yìn ni wọ́n gbé tábìlì rẹ̀ kúrò nínú yàrá, tí wọ́n gbé e sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ tó ń da yìnyín, nítorí pé ẹnì kan tó ń wá ohun tó jìnnà nílò fèrèsé. Àwọn tó kù ní Ocotillo, ohun tó jìnnà ni gbogbo wọn ń wá: ìṣùpọ̀ ìràwọ̀ tó wà ní ìpẹ̀kun ọ̀run, ìmọ́lẹ̀ àkọ́kọ́, ohun tí àwọn oníròyìn máa ń fẹ́ gbọ́. Eruku ń dí wọn lójú. Ìdí nìyẹn tí wọ́n ṣe ní kí Lucinda ya máàpù eruku gbogbo ojú ọ̀run, kí wọ́n lè mọ ibi tó wà kí wọ́n sì yọ ọ́ kúrò nínú àwòrán wọn. Gbogbo ayé ló ń lo máàpù yẹn. Ẹni tó bá fẹ́ lò ó á kàn tẹ bọ́tìnnì kan lórí kọ̀ǹpútà, eruku á sì pòórá. Obìnrin tó fẹ́ràn eruku ju ohunkóhun lọ láyé ni wọ́n sọ di agbálẹ̀ ọ̀run, wọn ò sì kọ orúkọ rẹ̀ sára ìgbálẹ̀ náà.

Sátẹ́láìtì tó rí eruku náà ti ṣíwọ́ iṣẹ́ tipẹ́. Ohun kan tó tutù ju yìnyín lọ ni wọ́n rọ sí i nínú kó tó gòkè, kí ooru ara rẹ̀ má bàa fọ́ ọ lójú. Nígbà tí nǹkan náà tán, ojú rẹ̀ fọ́. Ṣùgbọ́n gbogbo ohun tó ti rí ni wọ́n tọ́jú, òun ni Lucinda sì ń kà láti ìgbà tí irun orí rẹ̀ ti dúdú. Lọ́dọọdún, ní oṣù Keje, Ocotillo máa ń ṣe ìrántí ọjọ́ tí sátẹ́láìtì náà fọ́jú. Wọ́n á gé kéèkì tó ní ìrísí rẹ̀, wọ́n á dákẹ́ fún ìṣẹ́jú kan, ẹnì kan á sì sunkún. Lọ́dún yìí, ọ̀sẹ̀ tí a ṣe Máàsì ìsìnkú fún Lucinda ni ọjọ́ náà bọ́ sí. Mo jókòó ní ìlà ẹ̀yìn nínú ṣọ́ọ̀ṣì ní Nogales, mo ń bojú wẹ̀yìn títí àlùfáà fi parí. Ẹnì kankan ò wá láti Ocotillo. Wọ́n wà nídìí kéèkì.

Wọ́n á ní ẹnikẹ́ni kò sọ fún àwọn. Irọ́ ni. Ofelia pè wọ́n lọ́jọ́ kejì ikú. Ẹ̀rọ ló dá a lóhùn: kó tẹ ọ̀kan bó bá fẹ́ wá wo ilé náà, kó tẹ èjì bó bá rí ohun àjèjì lójú ọ̀run, kó tẹ ẹ̀ta bó bá jẹ́ oníròyìn. Kò sí nọ́ńbà tí ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ lè tẹ̀. Ó wá tẹ òdo, obìnrin kan sì gbé e.

Ofelia ní, “Mo fẹ́ bá ẹnì kan sọ̀rọ̀ nípa Lucinda Bracamonte, ti ẹ̀ka eruku.”

“Ẹ̀ka eruku? Ó dáa mà, ẹ dúró lórí ìlà, ẹni tó wà nídìí ẹ̀ ni mo fẹ́ so yín mọ́.”

Tẹlifóònù sì dún lórí tábìlì ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn. Nínú ilé ìdáná mi ni Ofelia ti sọ ìyókù fún mi, kọfí ń tutù lọ́wọ́ rẹ̀.

“Ohùn ẹ̀gbọ́n mi ni mo gbọ́. Ó lóun ò sí ní ìjókòó, pé kí n fọ̀rọ̀ sílẹ̀. Kí lẹ fẹ́ kí n ṣe? Mo fọ̀rọ̀ sílẹ̀. Mo ní, ‘Luci, èmi ni. O ti kú o. Ọjọ́bọ̀ la máa ṣe Máàsì fún ẹ. Jọ̀ọ́, bá mi sọ fún wọn níbi iṣẹ́.’”

Ṣé Lucinda sọ fún wọn? Mo bi yín léèrè. Ẹni tí kò gbọ́ràn sí wọn lẹ́nu rí láàyè rẹ̀, ṣé ìgbà tó kú ló fẹ́ wá máa jíṣẹ́?

Kọ̀ǹpútà ló bò wọ́n láṣìírí, tàbí kí n ní òun ló tú wọn láṣìírí. Lucinda ti kọ́ ọ kó máa tún máàpù eruku ṣe fúnra rẹ̀, kó sì máa fi ránṣẹ́ ní gbogbo ọjọ́ Ajé. Ó tún kọ́ ọ kó máa fèsì gbogbo ìwé tó bá wọlé: “Mo ti rí ìwé yín. Máàpù tuntun ń bọ̀ lọ́jọ́ Ajé.” Ọjọ́ Ajé ń dé, máàpù ń dé. Ìjókòó tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ yìnyín ṣófo, wọ́n ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá pẹ̀lú ife lọ́wọ́. Bí ẹ̀rọ yìnyín náà bá kú ńkọ́? Ilé ìwádìí yẹn ì bá dàrú kó tó di ọ̀sán.

Wàyí o, mo ti dé ibi tó ń gún mi láyà.

Lucinda ti ṣètò òkú ara rẹ̀ tipẹ́: kí wọ́n sun òun, kí wọ́n sì fi eérú òun ránṣẹ́. Àdírẹ́sì ibi iṣẹ́ ló fún àwọn tó ń sun òkú. Gbogbo ohun tó bá rà, ibi iṣẹ́ náà ló ń gbà á sí, nítorí àwọn olè tó ń jí ẹrù lẹ́nu ọ̀nà ilé àwa ará àdúgbò yìí kì í yẹ inú rẹ̀ wò kí wọ́n tó gbé e sá. Ofelia kò mọ̀. Ó rò pé ọ̀dọ̀ àwọn tó sun ún ni eérú náà wà títí òun á fi wá gbà á. Ọjọ́ Àwọn Òkú, nínú oṣù Kọkànlá, ló fẹ́ sin ín sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá wọn. Nínú ìjọ wọn, a kì í pín òkú; eérú gbọ́dọ̀ pé kó tó wọlẹ̀. Ó bá àlùfáà ṣètò, ó ra òdòdó olómi ọsàn, ó wá pe ilé tí wọ́n ti sun òkú pé òun ń bọ̀.

Wọ́n dá a lóhùn pé, “Mà, ó ti dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ni í láti oṣù Kẹjọ. Wọ́n fọwọ́ sí i.”

Ẹni tó ni í, kẹ̀! A wọ mọ́tò mi, ó di Ocotillo.

Ẹni tí a kọ́kọ́ bá ni Royce, àgbàlagbà ọkùnrin tó ń gba ẹrù ní ẹ̀yìn ilé. Kì í ṣe èèyàn burúkú. Òfin kan ló ń ṣọ́, mo sì fẹ́ kẹ́ ẹ gbọ́ òfin náà dáadáa, nítorí kò sí ibòmíràn láyé tí irú àṣìṣe yìí ti lè ṣẹlẹ̀.

“Páálí?” Royce mi orí. “Páálí ò gbọdọ̀ kọjá ibi tẹ́ ẹ dúró sí yẹn, mà. Páálí ń da eruku. Ohunkóhun tó bá ń lọ sí yàrá ìyẹ̀fun, ibí ni mo ti ń tú u. Ohun tó wà nínú ẹ̀ nìkan ló ń wọlé, páálí ń bá ilẹ̀ lọ.”

“Kí ni wọ́n kọ sára páálí tẹ̀gbọ́n mi?”

“Ọ̀rọ̀ pọ̀ lára páálí, mà. Bí n bá ní kí n máa kà á, mi ò ní ṣíwọ́.”

“Wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà gàdàgbà, bàbá. Wọ́n ní ‘Eérú Òkú Èèyàn’.”

Royce bọ́ fìlà rẹ̀. “Orúkọ ẹ̀ ni mo rí, mo tún rí ‘ẹ̀ka eruku’. Nígbà tí mo tú u, ó di ọ̀rá kan, ìyẹ̀fun funfun tó fẹ́ dúdú díẹ̀, pẹ̀lú pèlébé irin tí wọ́n tẹ nọ́ńbà sí. Mà, bí gbogbo ohun tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí ẹ̀ka eruku ṣe ń rí nìyẹn. Ọlọ́run, dárí jì mí. Mo tiẹ̀ súfèé bí mo ṣe ń gbé e lọ.”

Pèlébé irin yẹn, àwọn tó ń sun òkú ló ń fi í sínú eérú kí wọ́n má bàa gbé òkú lágbájá fún ẹbí làkáṣègbè. Ní Ocotillo, wọ́n rò pé nọ́ńbà ìyẹ̀fun ni.

Nítorí wọ́n ní yàrá kan níbẹ̀, yàrá ìyẹ̀fun tí Royce ń wí, tí eruku kankan kò gbọdọ̀ wọ̀, àfi eruku tí wọ́n bá pè. Wọ́n á mú ìyẹ̀fun òkúta, wọ́n á mú un gbóná, wọ́n á wo irú ìmọ́lẹ̀ ooru tó ń jáde lára rẹ̀, wọ́n á sì gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun tí sátẹ́láìtì rí. Bí méjèèjì bá bára mu, wọ́n á ní irú nǹkan báyìí ló wà lókè lọ́hùn-ún. Ó ṣẹlẹ̀ pé gegele kan wà nínú ohun tí sátẹ́láìtì rí, ibì kan tí ìmọ́lẹ̀ ooru náà ti ga sókè lójijì, tí kò bá òkúta kankan mu. Lucinda ló kọ́kọ́ rí i. Ọ̀pọ̀ ọdún ló fi ń sọ fún wọn pé gegele yẹn wà níbẹ̀ lóòótọ́. Wọ́n ní àṣìṣe ẹ̀rọ ni, wọ́n ní kó lọ fi máàpù rẹ̀ ránṣẹ́. Wọ́n wá gbé ìyẹ̀fun tuntun yìí sórí ìdáná wọn. Ó gbóná, ó tan ìmọ́lẹ̀, gegele sì yọ síbi tó yẹ kó yọ sí. Wọ́n hó yèè. Wọ́n ní wọ́n pàtẹ́wọ́.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ó fi ẹnu sọ fún wọn, wọn ò gbà. Ó fi egungun sọ fún wọn, wọ́n gbà kí wọ́n tó jẹun ọ̀sán. Àwọn baba wa ò parọ́ nígbà tí wọ́n ní èèyàn ò sunwọ̀n láàyè, ọjọ́ a bá kú là ń dère.

Ọ̀mọ̀wé Garrett Lindqvist ni olórí yàrá ìyẹ̀fun. Òun náà ni ọ̀gá tó kọ̀wé yin ìwà tuntun Lucinda. Wọ́n ní a kò lè wọlé bá a bí a ṣe wà. Wọ́n wọ aṣọ funfun fún wa, wọ́n fi fìlà bo irun Ofelia, wọ́n sì tì wá sínú kọ́bọ́ọ̀dù kan tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ láti gbogbo ìhà kí eruku ara wa lè gbọ̀n kúrò. Ofelia di ìlẹ̀kẹ̀ àdúrà rẹ̀ mú nínú ìjì náà. Ó kígbe sí mi létí pé òun ti lọ kí bíṣọ́ọ̀bù rí, wọn ò fẹ́ òun bí ọkà báyìí.

Lindqvist ga, ó rí tínrín, ẹ̀rín sì kún ẹnu rẹ̀.

“Ẹ̀yin ni mọ̀lẹ́bí Lucinda! Ọlọ́run ló rán yín wá, mà. Ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́. Mo ti kọ̀wé sí i títí ó ti sú mi, ó kàn ń sọ fún mi pé máàpù ń bọ̀ lọ́jọ́ Ajé. Ẹ mọ bó ṣe máa ń ṣe. Kó ṣáà sọ ibi tó ti bu ìyẹ̀fun yìí fún wa.”

Ofelia ní, “Ara ẹ̀ ló ti bù ú.”

“Ẹ jọ̀ọ́?”

“Mo ní ara ẹ̀ ni. Òun nìyẹn. Ẹ̀gbọ́n mi lẹ̀ ń yan lórí iná yẹn, ọ̀gá.”

Ẹ̀rín Lindqvist ò kúrò lẹ́nu rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ó gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀. Ó wo ìgò tó wà lẹ́yìn gíláàsì, ó wo Ofelia, ó tún wo ìgò.

“Ṣé ó dá yín lójú?”

“Kí lẹ fẹ́ kí n ṣe kó tó dá mi lójú? Kí n tọ́ ọ wò?”

Mo fẹ́ sọ òtítọ́ nípa ọkùnrin náà: ojú rẹ̀ pọ́n, ó jókòó, ó gbórí sọ́wọ́. Fún ìṣẹ́jú kan, èèyàn ni. Lẹ́yìn náà, ó gbórí sókè, ó di ọ̀gá padà.

“Mà, ẹ má bínú. Ìwé tá a kọ lórí ẹ̀ ti wà lọ́wọ́ àwọn tó ń yẹ̀ ẹ́ wò. Bí wọ́n bá ní ká tún un wọ̀n, ó gbọ́dọ̀ wà níbí. Ohun tó bá wà lábẹ́ àyẹ̀wò kì í jáde.”

“Ẹ ò wá ní jẹ́ kí n sin ín?”

“Kì í ṣe pé a ò ní jẹ́ kẹ́ ẹ sin ín. Ìlànà wà. Ẹni tó mú ìyẹ̀fun wá nìkan ló lè fọwọ́ sí i pé ká kó o jáde.”

“Ta ló mú un wá?”

Lindqvist yẹ kọ̀ǹpútà wò. Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. “Lucinda Bracamonte.”

“Ó dáa. Ẹ gbé bírò fún un.”

Mi ò mọ ẹni tó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, bóyá èmi ni, bóyá Ofelia. A rẹ́rìn-ín títí omi fi dà lójú wa nínú aṣọ funfun wọ̀nyẹn. Lẹ́yìn náà, Ofelia sún mọ́ gíláàsì náà, ó gbé àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ síbẹ̀. Iná kékeré tí wọ́n fi ń mú ìyẹ̀fun gbóná ṣì ń jó lábẹ́ àwo. Ó ní, “Luci, ṣé ooru ò mú ẹ jù?” Lindqvist sáré lọ pa iná náà. Mo dúpẹ́ fún ìyẹn, ohun kan ṣoṣo tí mo máa dúpẹ́ fún nìyẹn.

Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ kò tilẹ̀ sí nínú ìgò. Wọ́n ti bu díẹ̀, wọ́n fi iyọ̀ kan tí wọ́n ń lò pò ó, wọ́n tẹ̀ ẹ́ bí oògùn oníhóró, wọ́n sì fi àwọn hóró náà ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ wọn kan ní Jámánì kí àwọn yẹn lè wọ̀n ọ́n lọ́tọ̀. Láàyè rẹ̀, gbogbo ìgbà tí Lucinda bá tọrọ àyè láti lọ sí ìpàdé àwọn onímọ̀ lókè òkun, wọ́n á ní eruku kì í ṣe kókó ìpàdé. Ó di òkú tán, ó wọ ọkọ̀ òfuurufú. Ofelia bi wọ́n bóyá ibi ìjókòó ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ni wọ́n fún un.

Mo ti ka ìwé tí wọ́n kọ náà. Ó dára, a gbọ́dọ̀ sọ ọ́. Iṣẹ́ ńlá ni. “Eruku Bracamonte” ni wọ́n pe ìyẹ̀fun náà, nítorí òun ló fi í ránṣẹ́. Ẹni tó ya máàpù gbogbo ọ̀run tí wọn ò fi orúkọ rẹ̀ pe igun kankan níbẹ̀, eérú rẹ̀ ló gba oyè. Ní ìsàlẹ̀ ojú ewé tó kẹ́yìn, níbi tí àwọn onímọ̀ ti máa ń dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó ràn wọ́n lọ́wọ́, wọ́n kọ ọ́ báyìí: “A dúpẹ́ lọ́wọ́ L. Bracamonte tó yọ̀ǹda èròjà tí a lò.” Mo wá gbogbo ìwé tí Ocotillo ti kọ láti ìgbà tó ti débẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n máa dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn.

Ta ló fi tipátipá mú yín dúpẹ́? Ẹ̀yin tí ẹ lè rí ooru eruku tó jìnnà débi pé ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ti gbéra kí ọba kankan tó jẹ, báwo lẹ kò ṣe rí i pé ìjókòó kan ti tutù ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ yín? Kí lẹ rò pé ó ń ṣe láti oṣù Keje? Ṣé ẹnì kan nínú yín kò tilẹ̀ ní ìdí láti bi í pé, “Lucinda, ata ńkọ́?”

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Ocotillo fèsì sí lẹ́tà Ofelia. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ náà dùn àwọn gidigidi. Wọ́n ní àwọn ti yan ìgbìmọ̀ tí yóò wádìí rẹ̀, wọ́n sì to orúkọ àwọn tó wà nínú rẹ̀. Mo ka orúkọ náà lẹ́ẹ̀mejì. Lucinda Bracamonte wà nínú wọn, gẹ́gẹ́ bí onímọ̀ràn lórí ọ̀rọ̀ eruku. Kọ̀ǹpútà rẹ̀ ti dá wọn lóhùn pé òun ti rí ìwé wọn.

Wọ́n tún ní nítorí àánú, àwọn ṣe tán láti dá ìdajì padà kí ìdajì tó kù wà lọ́dọ̀ àwọn títí láé, fún ìtọ́kasí.

Ofelia bi mí pé, “Ìdajì wo? Èyí tó kọ́ mi níwèé ni àbí èyí tó ń bá mi jà lórí rédíò?”

Ẹ gbọ́ ohun tí a fẹ́, ẹ̀yin alákòóso Ilé Ìwádìí Ocotillo. A kò fẹ́ ìgbìmọ̀, a kò sì fẹ́ àkọlé orúkọ lára ògiri. Ẹ pe Jámánì, kí gbogbo hóró náà padà wá. Ẹ má sọ fún wa pé iyọ̀ ti pò mọ́ ọn. Iyọ̀ ń yòrò nínú omi, egungun kì í yòrò. Ẹ̀yin lẹ kọ́ wa. Àwọn tó lè yọ eruku kúrò nínú àwòrán gbogbo ọ̀run kò lè ní iyọ̀ lára obìnrin kan ṣoṣo ṣòro yọ. Ẹ kó èyí tó wà nínú ìgò, ẹ gbọn orí àwo, ẹ gbọn ìbọ̀wọ́ yín, kó pé. Ẹ fa ìwé náà padà títí ẹbí rẹ̀ yóò fi pinnu bóyá egungun ọmọ wọn jẹ́ ohun tí a ń tẹ̀ jáde. Kí ẹni tó kọ̀wé yin òkú fún ìwà rere dìde ní gbangba, kó sọ orúkọ ara rẹ̀, kó sì sọ fún ará ìlú bí èèyàn ṣe lè jẹ́ ọ̀gá ẹnì kan láìmọ̀ bóyá ó ń mí. Bí kò bá lè sọ ọ́, kó fi ipò sílẹ̀ fún ẹni tó máa ń wo ojú èèyàn.

Kí Ọ̀mọ̀wé Lindqvist fúnra rẹ̀ sì gbé e lọ sí Nogales ṣáájú Ọjọ́ Àwọn Òkú. Kó má fi ránṣẹ́. Kó gbé e lé itan rẹ̀ nínú mọ́tò, kó gbé e fún àbúrò rẹ̀ lọ́wọ́ méjèèjì.

Àwọn ọmọ Ofelia ti gbẹ́ ilẹ̀ náà. Ilẹ̀ ibẹ̀ le bí àpáta, dígà kan kán sí i. Nígbà tí mo lọ kí wọn lọ́jọ́ Àìkú, Ofelia ti gbé pákó lé ẹnu ihò náà kí ọmọdé má bàa já sí i. Mo ní bóyá kí wọ́n kúkú dí i ná títí ọ̀rọ̀ á fi lójú, nítorí àwọn èèyàn yìí ò yára. Ó wò mí bí ẹni tó sọ ìsọkúsọ. Ó ní òun ò ní dí i. Ó ní ẹ̀gbọ́n òun ń bọ̀ láti ibi iṣẹ́, a kì í sì í tilẹ̀kùn mọ́ ẹni tí kò tíì dé láti ibi iṣẹ́.

Lindqvist, ẹ jẹ́ kó ṣíwọ́.